Jáàkì, Róólà, Sìkúrúù tàbí Òòlù: Èwo Ni Kí Ẹ Fi Máa Tẹ Kọ́ìnì Ìrántí ní Ìkòròdú?

Abẹ̀bẹ̀, ike àti tówẹ́ẹ̀lì ti sú àlejò níbi àríyá. Ẹni tí màmá rẹ̀ pé ọgọ́rin ọdún, tó fẹ́ fún èèyàn ní nǹkan tí kò ní fọ́, tí kò ní ṣá, tí wọn ò sì ní gbé jù sí kọ̀rọ̀ ilé ìdáná, kọ́ìnì ìrántí ló kàn án: bàbà róbótó kékeré tí orúkọ, ọjọ́ àti àwòrán kan wà lára rẹ̀. Kò di dandan kí ẹ ra ẹ̀rọ tí ẹ ó fi tẹ̀ ẹ́ láti òkè òkun. Wẹ́dà gidi kan, oníléètì kan (ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin ní róbótó) àti ẹ̀yin fúnra yín lè kàn án pọ̀ ní Ìkòròdú níbí. Kò sì ní béèrè iná mànàmáná lọ́wọ́ yín, nítorí agbára apá ló ń wa gbogbo mẹ́rin tí mo fẹ́ fi wéra.

Kí n má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Bí títà ni ẹ fẹ́ máa tà á, jáàkì tọ́ọ̀nù 20 nínú férémù irin ni kí ẹ kàn, kí ìbú kọ́ìnì yín má sì ju mìlímítà 20 lọ. Ẹni tó fẹ́ kí oníbàárà fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí ẹ̀rọ ni róólà wà fún. Sìkúrúù, ẹ̀rọ alápá gígùn tí a ń jù yí kó lè sọ̀ kalẹ̀ tẹ kọ́ìnì, dára ju jáàkì lọ bí ẹ bá rí ògbólógbòó rà. Bí ẹ kò bá rí, ẹ má dá a láṣà. Òòlù ni kí ẹ fi dán ọwọ́ wò kí ẹ tó náwó rárá.

Ẹ má fi owó ìjọba ṣe é

Ní Amẹ́ríkà, láti ìgbà ìpàtẹ àgbáyé tó wáyé ní Chicago ní 1893 ni wọ́n ti ń ki ẹyọ sẹ́ǹtì sáàárín róólà méjì kó lè jáde ní gígùn pẹ̀lú àwòrán tuntun lára. Òfin wọn kò bá wọn jà bí kò bá ti sí jìbìtì nínú rẹ̀. Ẹni tó bá wo irú fídíò bẹ́ẹ̀ lè rò pé kóun náà gbé kọ́bọ̀ àtijọ́ jáde. Tiwa yàtọ̀ o. Abala 21 nínú òfin Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà ti 2007 sọ pé ẹni tó bá ba kọ́ìnì tàbí owó bébà jẹ́, ì báà ṣe pé ó lù ú ní òǹtẹ̀, ó gbẹ́ nǹkan sí i lára tàbí ó dá ihò sí i, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí oṣù mẹ́fà, tàbí kó san owó ìtanràn tí kò dín sí ₦50,000, tàbí kó jẹ méjèèjì pọ̀. Pé kò sẹ́ni tó ń gba kọ́ìnì náírà kan àti náírà méjì tí wọ́n gbé jáde ní 2007 lọ́jà mọ́ kò pa òfin náà rẹ́. Alápatà Sábó lè kọ̀ ọ́, ọlọ́pàá kò ní kọ̀ ọ́.

Bàbà tí a gé ní róbótó, tí nǹkan kan kò tíì sí lára rẹ̀, ni kí ẹ lò. Ẹ má kọ "náírà" sí i, ẹ má gbé àmì ìjọba sí i, kí ó má sì jọ owó orílẹ̀-èdè kankan.

Tọ́ọ̀nù mélòó?

Ìbéèrè tí gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè nìyí, òun náà ló sì ń ṣì wọ́n lọ́nà. Tọ́ọ̀nù nìkan kò sọ nǹkan kan fún yín. Ìgbà tí ẹ bá pín in sórí gbogbo ojú kọ́ìnì ni ẹ tó mọ bí ẹ̀rọ yín ṣe lágbára tó. Tọ́ọ̀nù 20 tó nǹkan bíi niutọ́nù (òṣùwọ̀n agbára) 196,000. Bí kọ́ìnì bá fẹ̀ ní mìlímítà 30, agbára tó dé orí mìlímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan jẹ́ niutọ́nù 277. Bó bá jẹ́ 25, ó di 400. Bó bá jẹ́ 20, ó di 624. Bó bá jẹ́ 15, ó lé ní 1,100. Jáàkì kan náà ni o, ọwọ́ kan náà ló ń gbọ́n ọn.

Bàbà tí a ti fi iná mú rọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbà fún irin ní nǹkan bíi 70. Ẹni tó bá rí iye yẹn lè ní 277 ti pọ̀ jù. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí bí bàbà ṣe ń wọnú òǹtẹ̀, ìyẹn irin tí a gbẹ́ àwòrán sí, ló ń le sí i, etí òǹtẹ̀ sì ń dì í mú kó má lè ṣàn bó ṣe fẹ́. Igun lẹ́tà ló ń kún kẹ́yìn, ibẹ̀ náà ni agbára sì ti ń tán. Ní tèmi, n kì í gbà kí bàbà gba ohun tó dín sí 500.

Ẹ gbé kọ́ìnì tí agbára kò ká sínú oòrùn, ẹ dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Ibi tí bàbà ti kan ìsàlẹ̀ òǹtẹ̀ máa dán. Orí lẹ́tà tí kò kan ìsàlẹ̀ máa ṣókùnkùn, ó máa rí hágahàga bó ṣe rí kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, igun rẹ̀ á sì rọ̀ wọ́ bí ọṣẹ tí omi ti jẹ. Àmì tó wà lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ ló máa ń kọ́kọ́ sá lọ. Ẹni tó sanwó fún "Ọláṣubọ̀mí" kò ní fẹ́ gba "Olasubomi", nítorí náà àmì yẹn gan-an ni kí ẹ máa fi yẹ ẹ̀rọ wò: bó bá yọ, gbogbo yòókù ti yọ.

Bí oníbàárà bá ta kú pé kọ́ìnì ńlá lòun fẹ́, ẹ fi alumíníọ̀mù ṣe é. Ó rọ̀ ju bàbà lọ dáadáa, kò sì wọ́n. Ó kàn jẹ́ pé kì í wúwo lọ́wọ́ ni, ìwúwo ọ̀hún sì ni ìdajì ohun tí àwọn èèyàn ń sanwó fún. Ẹ jìnnà sí òjé. Òótọ́ ni pé ó rọ̀ jù gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n májèlé ni, ọmọdé á sì ki kọ́ìnì sẹ́nu.

Ìfiwéra ní ṣókí

| | Jáàkì | Róólà | Sìkúrúù | Òòlù |
|---|---|---|---|---|
| Bí iṣẹ́ ṣe ń yọ | ó kún, ojú méjèèjì | ó fà gùn, ojú kan | ó kún jù lọ | kò dọ́gba |
| Àkókò fún ẹyọ kan | ìṣẹ́jú kan sí méjì | kò pé ìṣẹ́jú kan | ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ | ìlù kan sí mẹ́ta |
| Ìnáwó | àárín | ó ga díẹ̀ | ó ga jù | ó kéré jù |
| Ohun tó ń dààmú | férémù tó ń tẹ̀ | gbígbẹ́ òǹtẹ̀ sára ṣáàfù (irin róbótó gígùn tó jẹ́ róólà) | rírí sìkúrúù fúnra rẹ̀ | ariwo àti ìka ọwọ́ |

Jáàkì

Irú jáàkì tí wọ́n ń gbé sábẹ́ tírélà, tó rí bí ìgò, ni mo ń sọ. Ó jókòó sísàlẹ̀ férémù, ó ń ti pẹpẹ irin kan sókè. Òǹtẹ̀ ìsàlẹ̀ àti kọ́ìnì wà lórí pẹpẹ náà. Òǹtẹ̀ òkè wà lára irin ìdábùú tó dúró gbọin lókè. Bí ẹ bá tú fáàfù, sípíríńgì ọ̀kadà méjì á fa pẹpẹ padà wálẹ̀. Òróró ni mo fi ń pa àárín pẹpẹ àti òpó, kí ó má baà há.

Irin ìdábùú yẹn ni ibi tí owó ti ń pa èèyàn. Wẹ́dà á ní, "Ọ̀gá, ṣáńẹ́ẹ̀lì mẹ́rin-ínṣì ti tó, ó le dáadáa." Kò tó. Bí òpó méjèèjì bá jìnnà síra ní mìlímítà 400, tí ẹ sì kan ṣáńẹ́ẹ̀lì onímìlímítà 100 méjì pọ̀, tọ́ọ̀nù 20 láàárín á gbé e dé eteetí ibi tí irin ti ń tẹ̀ tí kì í padà mọ́. Ẹ lò onímìlímítà 150, méjì, kí ẹ̀yìn wọn kọjú síra. Agbára tó ń kan irin á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìdá mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀, ẹ ó sì lè sùn. Férémù tó bá tẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, kọ́ìnì yín á nípọn ní apá kan ju èkejì lọ, ẹ ó sì máa rò pé òǹtẹ̀ ló bàjẹ́.

Ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ lo bóòtù onímìlímítà 20 tí wọ́n kọ 8.8 sí lórí, méjì-méjì, kí ẹ má gbára lé wẹ́lídì nìkan. Ẹ kò lè fi ojú rí inú wẹ́lídì, bóòtù sì ṣeé tú wò. Bí jáàkì bá jẹ́ tòkúnbọ̀, ẹ gbọ́n ọn títí tí ọwọ́ rẹ̀ á fi le, ẹ fi sílẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú márùn-ún. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, rọ́bà inú rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Kọ́ìnì gbọ́dọ̀ wà nínú òrùka irin nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́. Láìsí òrùka, bàbà á sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ dípò kó wọnú àwòrán, ẹ ó sì rí nǹkan tó rí pẹlẹbẹ tí etí rẹ̀ ya. Ẹ ní kí oníléètì ṣe inú òrùka náà kó fẹ̀ díẹ̀ níhà kan ju èkejì, kí kọ́ìnì lè jáde bí ẹ bá fi ọ̀pá tì í.

Ọ̀rọ̀ ààbò kò gùn, ṣùgbọ́n ẹ má fò ó. Irin tí a ti fi iná mú le lè fọ́ lójijì, èérún rẹ̀ sì máa ń fò bí ọta ìbọn ni. Ẹ fi páànù irin tó nípọn bo iwájú àti ẹ̀yìn ibi òǹtẹ̀, ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹ bá ń gbọ́n ọn, ẹ wọ awò. Bí ọwọ́ jáàkì bá ti le, ẹ má ki páìpù bọ̀ ọ́ kó lè gùn sí i. Tọ́ọ̀nù 20 ni wọ́n kọ sí i lára, wọn kò kọ 30.

Róólà

Ìdí tí ẹ̀rọ yìí fi dùn ún wò ni pé kì í tẹ gbogbo kọ́ìnì lẹ́ẹ̀kan. Ìlà tóóró kan ló ń tẹ̀ ní ìgbà kan. Ẹ jẹ́ ká ní ṣáàfù yín fẹ̀ ní mìlímítà 70, kọ́ìnì fẹ̀ ní 19, ó sì ń tinrín ní mìlímítà 0.7 bó ṣe ń kọjá. Ibi tí bàbà àti ṣáàfù ti kan ara wọn kò ju nǹkan bíi mìlímítà 5 lọ ní gígùn. Tọ́ọ̀nù mẹ́ta sí mẹ́rin ti tó ṣe iṣẹ́ yẹn. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lè yí i, bí ẹ bá fi gíà sí i tí ọwọ́ ẹ̀rọ á yí lẹ́ẹ̀mẹ́fà kí róólà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Gíà ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po kọnkéré, tó ti di àlòkù, wúlò fún èyí.

Ohun tó le níbẹ̀ ni pé ara ṣáàfù róbótó ni ẹ ó gbẹ́ àwòrán sí, ẹni tó lè fọwọ́ ṣe é dáadáa kò pọ̀. Bí ọlọ́jọ́ ìbí bá sì yí padà, ṣáàfù lẹ ó yí padà, kì í ṣe òǹtẹ̀ kékeré. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà á nímọ̀ràn fún ẹni tó ń gba iṣẹ́ àríyá. Àwòrán tí kì í yí padà ló wà fún. Ní Àgbádárìgì, níbi tí àlejò ti ń wá wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ́ ní 1845, tí wọ́n sì ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gbẹ̀rẹfú, róólà kan tí àwòrán ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wà lára rẹ̀ lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún láì pààrọ̀ nǹkan kan. Ọmọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí i, tó rí i tí bàbà ń yọ ahọ́n jáde nísàlẹ̀, kò ní gbà kí bàbá rẹ̀ lọ láì sanwó.

Ẹ má fi òróró sójú róólà o. Bàbà kì í wọlé bí kò bá sí ohun tó fà á. Ojú gbígbẹ ló ń gbé e mì, ojú tó ní òróró á máa yọ̀ tẹ́rẹ́. Ṣáàfù tóóró náà kì í gbé e dáadáa, nítorí náà ẹ má lọ sísàlẹ̀ 60.

Ẹ ṣọ́ra fún bàbà ayédèrú. Sẹ́ǹtì Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe kí 1982 tó dé ni àwọn tó ń fi róólà ṣeré lọ́hùn-ún máa ń wá, nítorí bàbà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Láàárín 1982 ni wọ́n yí i padà: láti ìgbà náà, síńkì ni inú rẹ̀, bàbà kàn bò ó lára fẹ́ẹ́rẹ́. Bó bá fà gùn, funfun inú á yọ ní ìlà-ìlà. Ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀ sí yín pẹ̀lú irin tí wọ́n fi bàbà kùn. Ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré dání bí ẹ bá ń lọ sí ọjà irin Owódé Onírin: bàbà gidi kì í fà mọ́ ọn. Fún síńkì, tí òun náà kì í fà, ẹ fi fáìlì họ etí rẹ̀ wò.

Sìkúrúù

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ṣe owó ní ilé-iṣẹ́ owó ọba ní London láti 1662, nígbà tí wọ́n pa òòlù tì, ni èyí. Òun ló jọba títí Matthew Boulton, oníléeṣẹ́ ará Gẹ̀ẹ́sì kan, fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ tí oru omi gbígbóná ń wà tẹ owó ní Birmingham ní 1788. Apá gígùn kan wà lókè rẹ̀ tí irin wúwo wà ní orí rẹ̀ méjèèjì. Ẹ jù ú yí, sìkúrúù á sọ̀ kalẹ̀ gbàà, kọ́ìnì ti di ṣíṣe. Kò sí èyí tó yá tó o, kò sì sí èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ tó o.

Ṣùgbọ́n kíkàn rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé. Eyín sìkúrúù náà ní láti dà gan-an, kó sì jẹ́ ìlà eyín mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ń yí pọ̀, kó lè yára sọ̀ kalẹ̀ kó sì lè ta padà. Oníléètì tó lè gé e bó ṣe yẹ á gba owó tó tó ra jáàkì mélòó kan. Àwọn sìkúrúù tí wọ́n fi ń tẹ ìwé nílé ìdìwé kò lágbára tó, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín. Bí ilé-iṣẹ́ kan ní Òdógùnyàn bá ń ta irin àtijọ́, tí ẹ sì rí èyí tí wọ́n fi ń gé páànù, ẹ sáré rà á. Ẹ dè é mọ́ kọnkéré, kí ẹ sì rí i pé apá rẹ̀ kò ní gba ibi tí orí èèyàn máa ń gbà kọjá.

Òòlù

Òǹtẹ̀ méjì, páìpù tó nípọn tí wọ́n ń wọ̀ sínú rẹ̀ kí wọ́n má yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, owú alágbẹ̀dẹ nísàlẹ̀, òòlù ńlá lókè. Ó parí. Kọ́ìnì tó fẹ̀ ju mìlímítà 15 lọ kò ní yọ dáadáa, ìlù kejì sì máa ń gbé àwòrán ní ìlọ́po méjì bí kọ́ìnì bá sún. Àwọn aráalé yín náà á ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Àmọ́ ó máa jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá òǹtẹ̀ yín dára kí ẹ tó kan férémù.

Òǹtẹ̀ àti bàbà, èyíkéyìí tí ẹ bá yàn

Sípíríńgì ẹsẹ̀ mọ́tò ńlá, èyí tó rí pẹlẹbẹ, ṣe òǹtẹ̀ dáadáa. Ẹ mú un pọ́n nínú iná, ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀ nínú eérú títí ilẹ̀ á fi mọ́, á rọ̀ débi tí ẹ lè gbẹ́ ẹ. Òdìkejì ni ẹ ó gbẹ́ ohun gbogbo sí, kí ó lè kà síwájú lára kọ́ìnì. Jíjìn rẹ̀ kò ní láti ju mìlímítà 0.3 lọ, kí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà sì dà díẹ̀ kí kọ́ìnì má baà há. Lésà tí wọ́n fi ń kọ nǹkan sára pákó àti ike kò lè gbẹ́ irin. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá tiwọn jẹ́ èyí tó ń gbẹ́ irin kí ẹ tó fún wọn ní kọ́bọ̀.

Lẹ́yìn gbígbẹ́, ẹ mú un pọ́n padà. Mágínẹ́ẹ̀tì ni ẹ ó fi mọ̀ bó bá tó: irin tó bá ti gbóná dé ibi tó yẹ kì í fà mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì mọ́. Ẹ fi sínú iná díẹ̀ sí i, kí ẹ tó rì í sínú òróró, kì í ṣe omi. Ó ti le báyìí, àmọ́ ó lè fọ́. Ẹ fi sáńpépà dán ojú rẹ̀, ẹ gbé e ka iná jẹ́jẹ́ títí àwọ̀ pupa rúsúrúsú á fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára rẹ̀, ní nǹkan bíi 220 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí ẹ sì yọ ọ́ kíá.

Bàbà náà nílò iná. Ẹ ṣe é lábẹ́ òjìji, nítorí ẹ kò lè rí pípọ́n rẹ̀ nínú oòrùn. Bó bá ti pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ sọ ọ́ sínú omi. Irin máa ń le bí a bá ṣe báyìí fún un, bàbà máa ń rọ̀ ni. Dúdú tó bá kù lára rẹ̀, omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ á jẹ ẹ́ kúrò. Ní ti alumíníọ̀mù, kì í pọ́n kó tó yọ́, nítorí náà ẹ fi ọṣẹ funfun pa á lára. Bí ọṣẹ bá ti dúdú, ẹ gbé e kúrò lórí iná.

Ẹ ó fẹ́ mọ iye bàbà tí ẹ máa rà. Kọ́ìnì onímìlímítà 20 tó nípọn ní mìlímítà 2 wúwo tó gíráàmù 5.6. Fún àlejò 300, ìyẹn jẹ́ kílò kan ó lé gíráàmù 680, ṣùgbọ́n ẹ ó pàdánù nǹkan bíi ìdá mẹ́ta nígbà tí ẹ bá ń gé róbótó lára páànù, torí náà kílò méjì àbọ̀ ni kí ẹ rà. Àwọn tó ń kó irin àlòkù kiri Sábó máa ra gígékù náà padà lọ́wọ́ yín, bí ẹ bá ti yà á sọ́tọ̀ kúrò lára idẹ àti irin.